Di Bíńgò Lẹ́nu

"Láwùmí o! Láwùmí!"

Ìyá Láwùmí pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Igbó tó wà lẹ́yìn Òjóò dákẹ́ rọ́rọ́. Láti Bódìjà ni wọ́n ti wá pàgọ́ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wa mọ́tò lọ ra búrẹ́dì, ó sì fi ọmọ àti Bíńgò, ajá wọn, sílẹ̀ fún un. Odò kò jìnnà.

Ó yí sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán, ó sì rí wọn. Láwùmí lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di Bíńgò lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí! O ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́, mọ́mì."

"Kí ló wá dé tí o ò dáhùn?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní bí a ò bá rí ẹni tó ń pè wá nínú igbó, ká má dáhùn. Bíńgò fẹ́ gbó, mo bá dì í lẹ́nu."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ mú ìyá rẹ̀.

"Ìyá Láwùmí!"

Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, láti ìhà odò. Ìyá náà la ẹnu láti dáhùn, ó tún pa á dé. Mọ́tò kò lè gba ìhà ibẹ̀, òun náà kò sì gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kankan.

"Ìyá Láwùmí o!"

Bíńgò máa ń jùrù bó bá ti gbọ́ ohùn baálé ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìrù rẹ̀ kò mì. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde.

Ìyá náà rọra lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé ẹnu ajá.