Ẹni Tó Jẹ́ Ìpè Lójú Òkun

Nígbà ogun Hítílà, àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀kùrọ́ lọ sílùú òyìnbó máa ń tẹ̀lé ara wọn láìtan iná, nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n yin àdó olóró lu ọkọ̀ tó wà níwájú tiwa, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi, Ṣóyẹmí, wà nínú rẹ̀, ó sì rì. Òfin ò gbà wá láyè láti dúró.

Ilẹ̀ ṣú. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti inú omi.

“Àlàmú o!”

Bàbá Kúforíjì, àgbà inú wa, sáré fọwọ́ bò mí lẹ́nu. “Má dáhùn! A kì í jẹ́ ìpè òru.”

Ọkọ̀ wa ń sáré, síbẹ̀ ohùn náà ń bá wa lọ.

“Àlàmú o!”

“Bọ̀ọ̀dá mi, mò ń bọ̀ o!”

Ohùn tèmi ni. Ó wá láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wa, láàárín àpò ẹ̀kùrọ́.

Ọwọ́ bàbá ṣì wà lẹ́nu mi.