Fíúsì Tí Kò Já

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó nínú ọkọ̀ ẹlòmíì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán.

Ọkọ̀ kan jóná. Àga iwájú jó, kápẹ́ẹ̀tì jó, ike iwájú awakọ̀ yọ́ bí ìda. Ṣùgbọ́n fíúsì wáyà tó dá iná náà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, kò já, kò tilẹ̀ dúdú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni fíúsì sì ń ṣe: bí iná mànàmáná bá pọ̀ jù nínú wáyà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á já, iná á sì dúró. Kí ló dé tí èyí kò já?

1

Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ni ẹni tó ni ọkọ̀ náà. Fínnífínní ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá ṣiṣẹ́ tán, ojú kì í rí wáyà kan tó ta kókó. Òfin méjì ni kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ wà létí ihò irin yòówù tí wáyà bá gbà kọjá. Oníbàárà tó bá ní kó fo ọ̀kan, á dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un.

Rédíò tó bá ọkọ̀ tirẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ń dún tín-ín-rín bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ó ra wúfà ńlá kan, ìyẹn àpótí tó ń mú orin dún kíkankíkan, àti amplifáyà tí yóò fún un lágbára, ó tò wọ́n sínú búùtù. Ó wá fa wáyà pupa tó nípọn láti ara bátìrì níwájú, ó mú un gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awakọ̀, ó sì lu ihò sí irin ẹ̀yìn àga kí wáyà lè wọ búùtù.

Ilé fíúsì tó rà jẹ́ gíláàsì, gílóòbù búlúù kékeré sì wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ó wò ó, ó yọ ọ́. Ta ni yóò rí i níbẹ̀? Ó gbé e lọ sí búùtù, ó kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ amplifáyà.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọjú.

"Bàbá Ìbejì, ṣebí ẹ̀gbẹ́ bátìrì lẹ máa ń ní kó wà?"

"Ti oníbàárà nìyẹn, Ìyá Ìbejì."

"Rọ́bà etí ihò ńkọ́?"

"Màá fi sí i. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná."

"Ẹ máa gbọ́ o. Kí etí yín ṣáà má di, torí mi ò ní máa pariwo kí n tó pè yín jẹun."

2

Nígbà tó tan án, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Àwọn mẹkáníìkì fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá pé jọ sí ẹ̀yìn búùtù, iná búlúù ń tàn sí wọn lójú.

"Fínnífínní, o pa wá!" ni ẹnì kan tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà wí. "Bó o bá tún fi kún un, eyín mi á yọ."

Ó fi kún un. Látọjọ́ náà, kò sí ibi tí yóò páàkì sí tí kò ní ṣí búùtù. Rọ́bà tó yẹ kó wà létí ihò sì wà nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

3

Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ bàbá náà kú. Bí bàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú ló fi ń mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè yẹ àwọn ẹsẹ̀ náà wò, kí egbò má baà sọ wọ́n di ohun tí wọn yóò gé.

Lọ́jọ́ tí a ń wí yìí, ó gbé bàbá sí àga iwájú, ó tan orin.

"Ìwọ, ṣé etí mi lò ń gbé lọ fún dókítà ni àbí ẹsẹ̀ mi?"

"Bàbá, ẹ gbádùn ara yín jàre."

"Ara wo? Àyà mi ń gbọ̀n bíi ti olè tó gbọ́ fèrè ọlọ́pàá."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni èéfín ti yọ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Fínnífínní dúró lẹ́bàá títì. Ó pa orin, ó yọ kọ́kọ́rọ́, èéfín kò dáwọ́ dúró.

"Bàbá, ẹ farabalẹ̀, mo mọ ohun tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yọ fíúsì."

Ó sáré lọ sí búùtù, ó fà á yọ. "Ó ti tán!" Nígbà tó padà dé iwájú, iná ti là kápẹ́ẹ̀tì já. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá méjèèjì wà nínú iná náà, bàtà ti ń yọ́ mọ́ wọn, bàbá sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo èéfín.

"Ṣé o ti pa á?" ni bàbá bi í.

Ó gbá a mọ́ra, ó wọ́ ọ jáde.

4

Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá lókè ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí bàbá lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní kí ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ṣé wáyà yẹn ò ní fíúsì ni?"

"Ó ní in, Bàbá."

"Kí ló dé tí kò já?"

"Irin ẹ̀yìn àga ló bó wáyà létí ihò tí kò ní rọ́bà. Wúfà ń mi irin náà, irin ń ha wáyà, títí ara rẹ̀ fi ṣí. Iná bátìrì wá ń gba ibẹ̀ wọ ara ọkọ̀, gbogbo wáyà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín sì gbóná. Fíúsì wà lẹ́yìn ibi tó bó. Iná tó jó yín kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí yíyọ tí mo yọ ọ́ kò fi yí nǹkan kan padà."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"O ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí ló wá dé?"

"Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn máa rí i."

Bàbá yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìkìlọ̀ náà rèé. Ẹni tó bá fẹ́ fi wúfà àti amplifáyà kún rédíò ọkọ̀ rẹ̀, kó fi fíúsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kó sì fi rọ́bà sí etí gbogbo ihò kó tó tan orin kankan. Bí iná bá sì yọ, ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo èyí, ó sì ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ìgbéraga ló mú kó gbé fíúsì kúrò níbi tí ì bá ti gba ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ là.