Fìtílà Svantje

"Ta ló ní mi ò ní mọ Svantje, ọmọ tí mo bí?" Bàbá náà jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ lẹ́nu géètì ilé-ìwé Waldorf, níbi táwọn ọmọ tó dé fìlà òtútù ti ń tò fún ìrìn fìtílà ìgbà ìwọ́wé. Ilẹ̀ ti ń ṣú.

"Jẹ́léósinmi ló wà tó o fi bá ẹsẹ̀ ẹ sọ̀rọ̀! Ó yá, bàbá ọmọ, lọ bá a tan fìtílà ẹ̀."

Ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ onírun pupa bíi tirẹ̀, ó tan àbẹ́là inú fìtílà rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, dákun, foríjì mí."

"Ẹ má sunkún mọ́, bàbá Svantje," lọmọ náà wí. "Èmi kọ́. Òun ló na fìtílà sí yín tẹ́ ẹ kọjá lára ẹ̀ yẹn."