Ọkọ̀ Tí Ó Ń Wá Ìyá Olódò

Ìtàn yìí kò ní gùn. Mo fi gbogbo ọ̀wọ̀ búra: ẹni tó bá gbé omi kaná báyìí, a ó ti parí kí omi náà tó hó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ jókòó síwájú ọkọ̀, àwọn géńdé rẹ̀ méjì jókòó sẹ́yìn, okùn wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ìyá Olódò ni wọ́n ń wá. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti ń da ẹ̀gbin sódò, tí ara àwọn ọmọdé ń bó, tí obìnrin náà sì ń pariwo rẹ̀ kiri, ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjì tó ń bá a pariwo kò pariwo mọ́: ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n, àwọn ẹbí ìkejì ṣì ń wá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí gan-an ni adájọ́ máa gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìlú ńlá. Bí ẹlẹ́rìí kò bá yọjú, ẹjọ́ kú, odò náà sì kú tẹ̀lé e.

Awakọ̀ wọn mọ gbogbo ibi tó lè sá sí. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

"Bí o bá fi ilé kan pamọ́ fún wa," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀, "ìwọ la máa fi dípò rẹ̀."

"Kò sí ilé tí mo máa fi pamọ́, sà."

Òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń yí kòtò kọ̀ọ̀kan ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, rédíò sì ń han lala.

"Bọ̀dá, ṣé ìyàwó tuntun lò ń gbé lọ ilé ọkọ ni?" ni géńdé kan bi í. "Tẹ ọkọ̀ yìí, jàre!"

"Sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rẹ̀."

Wọ́n tú ilé aránṣọ, ọ̀rẹ́ Ìyá Olódò, títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n bá dé ilé ìyá tó bí awakọ̀ àti Ìyá Olódò. Awakọ̀ wá ibi tí òjìji igi wà, ó gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ó sì mú wọn wọlé. Ìyá wo okùn, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo kó wọn wá?"

"Màámi, ẹ dákun."

"Má pè mí ní Màámi! Ẹni tó bá ta ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Jáde nílé mi."

Awakọ̀ kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀," ni géńdé wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí awakọ̀ padà sínú ọkọ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Ó nu ojú.

"Sà," ó ní, "ibi yòówù kó sá sí, ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù ló máa já sí."

Ọ̀gá yíjú wò ó. "Ọmọ burúkú ni ẹ́. Ṣùgbọ́n orí ẹ pé. Ó yá, ìlú ńlá!"

Ní ìpẹ̀kun ìlú, àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ ti gbé igi dínà. Wọ́n ń já gbogbo èrò sílẹ̀, wọ́n ń fi irin gún àpò èédú lórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń yọjú sábẹ́ ìjókòó. Bí wọ́n ṣe rí ojú ọ̀gá, wọ́n sáré gbé igi náà kúrò, wọ́n nàró bí ṣọ́jà, ọkọ̀ sì kọjá.

Nígbà tí wọ́n dé kọ́ọ̀tù, ọ̀gá fi géńdé kan sí ọ̀tún géètì, ó fi ìkejì sí òsì, òun fúnra rẹ̀ dúró láàárín.

"Eṣinṣin ò ní kọjá," ó ní. "Lọ gbé ọkọ̀ sẹ́yìn."

Lẹ́yìn kọ́ọ̀tù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí adájọ́ ń gbà wọlé, awakọ̀ wò yíká, ó ṣí búùtù, ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o, ẹsẹ̀ yín á ti kú, a ti dé"; ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ọkọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.