Kò Ta Mí

Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fa aṣọ ìbora dé ọrùn.

"Màmá, kòkòrò wà nínú ìtọ̀ yín. Ṣé ó máa ń ta yín tí ẹ bá ń tọ̀?"

Ó ń ta mí bí ata. Láàárọ̀ yìí lórí póò, mo gé aṣọ jẹ kí n má baà pariwo.

"Kò ta mí."

"Abẹ́ inú ò dùn yín?"

"Rárá o."

Nọ́ọ̀sì ń kọ irọ́ mi sílẹ̀.

"A dúpẹ́. Kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ àgbàlagbà kó má ṣe é ní nǹkan kan. Tí kò bá ti yọ yín lẹ́nu, a ò ní í fún yín lóògùn."

Èmi tí mo bá gbogbo wọ́ọ̀dù jà lánàá lórí tíì tútù, ìtìjú ti dí mi lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Dókítà tẹríba, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó mi ò rí oorun sùn. Ẹ jẹ́ kí n pè é, kí n sọ fún un pé nǹkan kan ò ṣe ìyá rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, àna mi," ni mo wí, mo sì fún itan pọ̀ lábẹ́ aṣọ.