Òǹwòran Ojú Fèrèsé

Láti ìgbà tí ọkọ Ṣaléwà ti kú, Múíbátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá rẹ̀ ní àjà kẹta. Eré orí tẹlifíṣọ̀n nípa iwin obìnrin inú kànga, tí wọ́n ti ń wò láti kékeré, ló ń mú un wá. Lálẹ́ yìí, apá ìkẹyìn ló kàn. Bó bá parí, Ṣaléwà ò mọ ohun tí yóò tún mú un wá.

"Wọ́n ti ba eré yìí jẹ́!" ni Múíbátù wí. "Ta ló ní kí wọ́n sọ iwin di oníṣòwò?"

"Nígbà tó jẹ́ iwin, ṣebí abẹ́ ìbùsùn lo ti ń wò ó."

"Obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe iwin yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe," ni ẹnìkan wí lójú fèrèsé.

"Àbí ẹ ò rí nǹkan!" ni Ṣaléwà dáhùn. Nígbà èwe wọn, ojú fèrèsé onítẹlifíṣọ̀n làwọn aládùúgbò ti ń wòran.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún kọ́tìnnì díẹ̀," ni ohùn ojú fèrèsé náà tún wí.

Ṣaléwà ti nawọ́ kó tó rántí pé kò sí ibi ìdúró kankan lẹ́yìn fèrèsé náà. Afẹ́fẹ́ lásán ni títí dé ilẹ̀.

Múíbátù ti ń wá bàtà rẹ̀.

"O ní o máa sùn níbí. Múíbá, má fi mí sílẹ̀!"

"Tó bá dọ̀la, pè mí lórí fóònù." Kò wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn pa dé.

Kọ́tìnnì rọra sún fúnra rẹ̀.

"Jẹ́ kó máa lọ," ni ohùn náà wí. "Àwa méjì la ó jọ wò ó tán."