Ohùn tí Fàdílátù Fi Ránṣẹ́ Nípa Ilé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò gùn. Ẹni tí kò bá lè kàwé, kó jẹ́ kí ọmọ kà á fún un.

1.

Ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kpoulou, ní ilẹ̀ Benin, Fàdílátù ni ìyáalé nínú agbo ilé wọn. Oyèkẹ́mi, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wọlé. Fàdílátù ló fi ọ̀nà odò hàn án, òun ló pọn àkọ́bí rẹ̀. Wọn ò jà rí.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Múdàṣírù, dìrẹ́tọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ní kí àwọn ìyá ọmọ yan olórí fún àwọn tó ń dáná ní kantíìnì. Oyèkẹ́mi ni wọ́n yàn. Fàdílátù bá wọn pàtẹ́wọ́, àmọ́ nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé ìyàwó tó dé lánàá ni yóò wá máa rán òun ní àlùbọ́sà gígé?

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí Oyèkẹ́mi bá ṣe di ata lójú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá kí Oyèkẹ́mi lójú ọ̀nà, a dùn ún. Bí Oyèkẹ́mi bá kúnlẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ láàárọ̀, a tún dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan dì mú. Hàbíbátù ọmọ rẹ̀ tó wà ní CM2, kíláàsì ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tún wá wí pé ẹ̀wà Oyèkẹ́mi, Ìyá Kékeré òun, dùn ju ti ilé lọ. Fàdílátù ní kó lọ máa gbé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wà.

Ọmọ yìí kan náà ni gbogbo ìrètí rẹ̀ o. CE1, kíláàsì kẹta, ni Fàdílátù ti fi ìwé sílẹ̀, ó sì ti búra pé Hàbíbátù yóò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìdírísù, bàbá ọmọ, ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Nàìjíríà. Ó ti gbà pé bí ọmọ bá yege CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

2.

Ìpàdé òbí ku díẹ̀, Fàdílátù sì ń wá ohun tí yóò fi bẹnu àtẹ́ lu ilé ẹ̀kọ́ tó gbé Oyèkẹ́mi ga. Ó lọ bá Ràṣídì, ẹni tó ń fi sólà gba iná sí tẹlifóònù ní oríta. Ó ní kó bá òun wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó wo bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣe ń yege tó. Ràṣídì wá a, ó rí ojú ewé kan tí ìpolówó ọṣẹ àti oògùn kún inú rẹ̀; ó ní nínú ọmọ mẹ́wàá, méjì ló yege. Inú Fàdílátù dùn. Ràṣídì fajú ro.

"Ìyá Hàbí, ẹ má tíì mú èyí lọ. Àdírẹ́sì ti ìjọba máa ń ní gouv.bj nídìí. Èyí ò ní in. Kò tilẹ̀ sọ ọdún tó jẹ́."

"Wá ti ìjọba nígbà náà."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ẹ padà wá lọ́la, tàbí kí ẹ bi dìrẹ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iye náà ti ń kúrò."

"Dìrẹ́tọ̀ tí òun àti Oyèkẹ́mi jọ ń jẹ nínú abọ́ kan?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí i? Ọ̀la péré ni wọ́n ní kó dúró dè. Owú ò mọ ọ̀la.

3.

Kò tíì dé ilé tó fi sọ̀rọ̀ sínú Wasáàpù abúlé. "Ẹ̀yin ìyá, ìjọba ti gbé e jáde. Nínú ọmọ mẹ́wàá ilé ẹ̀kọ́ wa, méjì ló yege. Oúnjẹ ni wọ́n ń sè níbẹ̀, wọn ò kọ́ ọmọ." Ó tẹ́tí sí ohùn ara rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, ó tún un gbọ́.

Ìwé, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló ń kà á. Ohùn, kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Ó dé Tatonnonkon, ó dé Oko-Akarè, àwọn ìlú tó wà nítòsí, ó kọjá ibodè dé Nàìjíríà. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ lọ sóko. Oúnjẹ ń ṣẹ́kù nínú ìkòkò kantíìnì.

Oyèkẹ́mi wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyáalé mi, bí mo bá ṣẹ̀ yín, inú ilé ló yẹ kí ẹ ti bá mi wí."

Fàdílátù ní òun kọ́, ìjọba ló wí bẹ́ẹ̀.

4.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Ọ̀gá Múdàṣírù ṣí ojú ewé ìjọba gangan níwájú gbogbo òbí, ó ka àdírẹ́sì, ó ka ọdún. Mẹ́jọ ló yege nínú mẹ́wàá. Ojú ewé tí Ràṣídì rí yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é. Àwọn kan ní àwọn yóò dá ọmọ padà. Fàdílátù rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó rò pé ibẹ̀ ni ìtìjú náà parí sí.

Ó délé, kò bá Hàbíbátù. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló wá mú un lọ sí Cotonou, Ìdírísù ló ní kó wá. Fàdílátù pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá Hàbí, kí lọmọ mi ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti ilé pé wọn ò kọ́ ọmọ níbẹ̀. Kó lọ kọ́ òwò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́ ni. Mo rí ti ìjọba lónìí. Mẹ́jọ ló yege."

Ìdírísù ní, "Fàdílátù, ohùn rẹ ni mo gbọ́. Èwo ni kí n gbà, ti àná ni àbí ti òní?"

Fàdílátù bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Oyèkẹ́mi náà pe Ìdírísù, ó bẹ̀ ẹ́. Ìdírísù ní kó má gbèjà ìyáalé rẹ̀, ọmọ ò ní padà.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Hàbíbátù lọ ṣe CEP ní ìlú Adja-Ouèrè, Hàbíbátù ń fọ abọ́ ní Cotonou.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń wá iye ọmọ tó yege tàbí ohun tí ìjọba wí, ẹ wo àdírẹ́sì, ẹ wo ọdún, kí ẹ bi dìrẹ́tọ̀ kó fi ti ìjọba hàn yín. Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má fi inú búburú wá a, torí ohun tí inú yín ń fẹ́ nìkan ni ojú yín yóò rí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó jọ mọ́.